Bí Àpìkẹ́ Ṣe Lóṣòó Ti Họ́ńdà Bàbá Rẹ̀ ní Iléṣà

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bí oúnjẹ bá wà níwájú yín, ẹ bò ó ná. Bí ọkọ̀ lẹ wọ̀, ẹ kà á títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó lọ dúnàádúrà àgbà máṣíìnì ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò pé máṣíìnì nìkan ló gbé e débẹ̀, a jẹ́ pé ẹ kò tíì mọ Àpìkẹ́.

Igbona ló ń gbé, ní Òṣogbo, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ kan tí àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Iwájú ilé náà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Máṣíìnì àtijọ́ ló ń tún ṣe. Kì í ṣe àwọn ọ̀kadà ìsinsìnyí tí wọ́n ń yọ nínú páálí o. Àwọn àgbà ni, àwọn tí bàbá wa fi lọ fẹ́ ìyá wa: Fẹ́sípà onídìí ńlá, Súsúkì tó ń mu epo mọ́ ọ́ìlì, Họ́ńdà oní-sàlẹ́ńsà méjì. Àwọn ọmọ ọlọ́lá ń wá wọn báyìí láti Ìbàdàn àti Èkó bí ẹni ń wá góòlù, Àpìkẹ́ sì mọ bí a ṣe ń jí òkú wọn. Ẹ gbé irin tó ti dípẹtà tọ̀ ọ́ lọ. Bó bá ṣe díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì.

Ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi máṣíìnì lé e lọ́wọ́, ojú rẹ̀ rí màbo. Nítorí orúkọ ni. Àwọn àgbà Ọjà Ọba kò pè é ní Àpìkẹ́. Ọmọ Pamáṣíìnì ni wọ́n ń pè é, ọmọ ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa máṣíìnì rẹ̀. Ta ni yóò gbé máṣíìnì fún ọmọ Pamáṣíìnì? Bí oníbàárà bá ya ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnìkan á rẹ́rìn-ín lápá kan, á ní, “Ẹ̀jẹ̀ ni o, ẹ ṣọ́ra.” Oníbàárà á sì yí máṣíìnì padà.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí orúkọ náà ṣe dé.

Bàbá rẹ̀, Mùyídéènì, fọ́tò ló ń yà. Ẹ̀yìn Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n oko ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Ó ní Họ́ńdà pupa kan, sàlẹ́ńsà kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí tánkì rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọge fi ń wo ojú. Ní kùtù hàì ni yóò so kámẹ́rà mọ́ àyà, yóò gba ọ̀nà Iléṣà, yóò já sí Òṣú, yóò sì wọ àwọn abúlé tó yí i ká. Ìkómọ, ìsìnkú, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà, òun ni wọ́n ń dúró dè. Họ́ńdà yẹn kì í pariwo; ó ń dún bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sínú. Bí àwọn ará oko bá ti gbọ́ ọ lórí òkè, wọ́n á sáré lọ wẹ ọmọ wọn.

Mùyídéènì kì í fi máṣíìnì náà ṣeré. Bí Jímọ̀ bá ti dé, kó tó lọ kírun, yóò yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò, yóò fi àkísà tútù nù ún láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá Àpìkẹ́, tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọkọ òun bá lè fi ìdajì ìtọ́jú yẹn tọ́jú òun, òun ì bá ti padà di ọmọge.

Lọ́jọ́ kan Họ́ńdà náà kọṣẹ́ lẹ́bàá Òṣú. Bó bá jí, yóò kú. Bó bá tún jí, yóò tún kú. Mùyídéènì bẹ ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n gbé e dé Iléṣà, sí ìdí mẹkáníìkì kan ní Òkèèsà tó ń jẹ́ Ògúnjìnmí. Ògúnjìnmí gbé etí lé ẹ́ńjìnnì, ó mi orí, ó ní ó ti nọ́ọ̀kì.

Ẹ́ńjìnnì tó bá nọ́ọ̀kì, irin inú rẹ̀ ti jẹ ara wọn. Àfi kí wọ́n já a sílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti dòkú. Ògúnjìnmí ní ohun inú irú Họ́ńdà bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Ó ní kí Mùyídéènì má baà gbé òkú rìn dé Òṣogbo, òun lè ṣàánú rẹ̀, kí òun rà á ní iye irin. Mùyídéènì gba owó irin. Ó wọ ọkọ̀ èrò padà sílé pẹ̀lú ẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí itan. Àpìkẹ́ kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ó rántí pé bàbá òun gbé ẹ́límẹ́ẹ̀tì náà kọ́ ara ògiri lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ kò jìnnà, oníbàárà kan dé, ó ní òun rí Họ́ńdà pupa ní Ẹrẹ́jà, Ògúnjìnmí ló jókòó lé e pẹ̀lú aṣọ funfun báláú, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mùyídéènì gba Iléṣà lọ lọ́jọ́ kejì láti lọ bi í. Ògúnjìnmí kò dá a lóhùn ní kọ̀rọ̀. Ó ké sí gbogbo àwọn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun já ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ ni, òun pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀, òógùn òun ló ń dún yẹn. Ó ní Mùyídéènì ló fi àìbu ọ́ìlì pa á, àti pé ẹni tí kò bá lè bu ọ́ìlì sí máṣíìnì, ẹsẹ̀ ni kó máa fi rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ ọkọ̀, ó dé Ọjà Ọba ṣáájú Mùyídéènì, àwọn onífọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Pamáṣíìnì.

Láìsí máṣíìnì, kò lè dé oko mọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì rọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa bi ara rẹ̀ pé àbí lóòótọ́ ni òun gbàgbé ọ́ìlì ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ọ̀kan nínú àwọn onífọ́tò gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Kí Ọlọ́hun forí ji Pamáṣíìnì.” Wọ́n ṣe àmín. Àpìkẹ́ kò ṣe é. Ó wo ẹnu ọkùnrin náà, ó sì pinnu lórí sàréè pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí orúkọ yìí ní Iléṣà, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á kúrò.

Ìbínú yẹn ló gbé e wọṣẹ́. Kò sí ọ̀gá tó gbà á. Ó ń ra irin tí wọ́n ti sọ nù, ó ń tú u, ó ń dè é, ó ń wo fídíò lórí fóònù, ó ń bà á jẹ́, ó sì ń tún un ṣe, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ọ̀nà. Ọdún ń gorí ọdún, ó fẹ́ ọkọ, ó bí Bushrah, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Iléṣà kò tutù nínú rẹ̀. Ó kàn ń retí ni.

Béjidé ni èjẹ́ǹtì tó ń bá a wá àgbà máṣíìnì káàkiri. Lọ́jọ́ kan ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Họ́ńdà pupa. Lábẹ́ tánkì rẹ̀, ibi kan tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá àgbà Àpìkẹ́ ló fi ìwo gbá a níbẹ̀, ojú Àpìkẹ́ ló sì ṣe. Ó bi Béjidé pé ta ló ni ín. Béjidé ní bàbá kan ni ní Òkèèsà, alàgbà ìjọ, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ fi owó rẹ̀ kan òrùlé. Ó wá kìlọ̀ fún un pé bàbá náà kì í dín owó, pé bí ènìyàn bá ní kó yọ kọ́bọ̀, yóò máa wo onítọ̀hún bí ẹni tó fẹ́ yọ ojú rẹ̀.

Àpìkẹ́ ní kó bá òun dá ọjọ́. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ fún: bí wọ́n bá débẹ̀, kó má dárúkọ òun, kó má dárúkọ bàbá òun. Ìyá Bushrah ni kó máa pe òun. Béjidé kò rí ohun tó burú níbẹ̀; ta ni kì í pe abiyamọ ní orúkọ ọmọ rẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n lọ. Ògúnjìnmí jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù níwájú ilé rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ẹni tí ayé yẹ. Ìyàwó rẹ̀, Phebe, ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Bàbá Elisha wà, fọganáísà tó ti ń lẹ táyà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà ti wà, àti àwọn ọkùnrin ìjọ méjì kan tó wá ṣeré. Họ́ńdà náà dúró láàárín wọn bí ọkọ ìyàwó.

Àpìkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Ògúnjìnmí wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo Béjidé, ó bi í léèrè mẹkáníìkì tí wọ́n mú wá. Béjidé na ọwọ́ sí Àpìkẹ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Ó ní, “Ó dáa náà. Kó wò ó. Kó ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí ṣéènì gbá gèlè ẹ̀ mú.”

Àwọn ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Àpìkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó tú gèlè, ó fi í di ìbàdí, ó sì lóṣòó ti máṣíìnì.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń wo àgbà máṣíìnì, nítorí ohun ìdùnnú ni. Ọwọ́ ni Àpìkẹ́ kọ́kọ́ gbé lé ẹ́ńjìnnì, láti mọ̀ bóyá wọ́n ti dọ́gbọ́n mú un gbóná de òun. Ó tutù. Ó ki ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà méjèèjì, ó wo èéfín tó mọ́ ọn lọ́wọ́: gbígbẹ ni, kò lọ́ra. Ó yọ ọ́ìlì wò, ó fi í sáàárín àtàńpàkò àti ìka, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó dì í mú níwájú, ó tẹ̀ ẹ́, máṣíìnì náà gbé ara sókè láìsí gìrì. Ó fi nọ́mbà ara irin wé ti inú ìwé máṣíìnì náà. Lẹ́yìn náà ló wá rọra fi ojú sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí àwọn sìkúrù to lọ rẹrẹ.

Orí sìkúrù ni ìtàn máṣíìnì wà. Èyí tí sìkúdíráfà bá ti bọ ojú rẹ̀ rí, yóò ti họ, igun rẹ̀ yóò ti kújú. Àwọn ti ara Họ́ńdà yìí mọ́ roro, igun wọn ṣì mú bí ọjọ́ tí wọ́n dè é ní Jàpáànù. Ẹnikẹ́ni kò ì tíì já ẹ́ńjìnnì yìí rí. Kò sí ohun tí wọ́n pààrọ̀. Kò nọ́ọ̀kì rí.

Àpìkẹ́ gba ọwọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bàbá rẹ̀ ti kú sórí irọ́ tí orí sìkúrù lásán lè tú. Ó fẹ́ dìde, kó di ọkùnrin náà lọ́rùn mú. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ fúnra òun, ẹjọ́ ni yóò dà. Ọ̀rọ̀ òun yóò kàn máa bá irọ́ rẹ̀ jà. Ẹnu yẹn ni òun fẹ́. Ó gbé ojú sókè, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun jí i.

Ògúnjìnmí fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́. Ó jí. Ó ń dún bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sínú. Àpìkẹ́ yí ojú sí ibòmíràn fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé èéfín kó sí i lójú. Bàbá náà gbé ife omi kan sórí ìjókòó máṣíìnì náà, omi náà kò dà. Ó wo gbogbo wọn káàkiri. Ó pa á, ó padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dárúkọ iye rẹ̀: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà.

Àpìkẹ́ ṣì lóṣòó. Ó fi ọwọ́ pa ẹ́ńjìnnì náà, ó pòṣé wẹ́rẹ́.

“Ẹ má bínú o, Bàbá. Ẹ́ńjìnnì yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Ó jọ èyí tó ti nọ́ọ̀kì rí, tí wọ́n já sílẹ̀ tí wọ́n tún dè. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti já, ẹ̀mí rẹ̀ kì í pé mọ́.”

Gbogbo ẹni tó bá ti ta máṣíìnì rí nílẹ̀ yìí mọ̀ pé kò sí èébú tó jùyẹn lọ. Olùtà a gbà kí o bú tánkì rẹ̀, kí o bú ìjókòó rẹ̀. Bí o bá ti ní wọ́n já ẹ́ńjìnnì rẹ̀, o ti gé owó náà sí ìdajì. Ògúnjìnmí fò dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

“Ta ló já a? Wo ojú sìkúrù ẹ̀, àbí o fọ́jú? Láti ọjọ́ tí òyìnbó ti dè é, kò sí ọwọ́ tó já a. Olúwa ń gbọ́ mi. Bí mo bá ti fi sípánà kan inú ẹ́ńjìnnì yìí rí, kí n má fojú ba ọjọ́ Àìkú ọ̀la.”

“Ẹni tó ni ín kí ẹ tó rà á ńkọ́? Bóyá òun ló fi àìbu ọ́ìlì pa á.”

“Ẹni yẹn?” Owó ti gba etí Ògúnjìnmí, kò gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ mọ́. “Ẹni yẹn ń kẹ́ ẹ bí ẹyin. Ọ́ìlì inú rẹ̀ mọ́ ju epo tí à ń jẹ lọ lọ́jọ́ tó gbé e dé bí. Kò nọ́ọ̀kì rí, kò sì fẹ́ nọ́ọ̀kì.”

Bàbá Elisha gbé rọ́bà tó ń ha sílẹ̀.

Ó ní, “Ògúnjìnmí. Ṣé Họ́ńdà onífọ́tò Òṣogbo kọ́ nìyí? Èmi wà níbí lọ́jọ́ yẹn. Ùwọ lo ní o já a sílẹ̀, o ní gbogbo inú ẹ̀ lo pààrọ̀. O ní ọkùnrin yẹn ló pa á.”

Ògúnjìnmí yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ó wo Àpìkẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

“Ọmọ ta ni ùwọ?”

“Ọmọ Mùyídéènì. Ọmọ Pamáṣíìnì, bí ọ̀rọ̀ yín ṣe sọ ọ́.”

Bàbá náà bá pariwo pé òun kò tà mọ́. Ó ní kó dìde, kó máa lọ, kí Béjidé mú un jáde. Béjidé na ọwọ́ sí i. Àpìkẹ́ kò mú un. Ó fi ẹ̀yìn ti táyà Họ́ńdà náà, ó sì gún ẹsẹ̀ dáadáa.

“Òṣó ni mo ló yìí, Bàbá. Ìyá tó bí mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Mi ò ní dìde.”

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní Iléṣà? Àwọn bàbá wọn tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ló dá a sílẹ̀: bí onígbèsè kò bá san, wọn á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn kò ní jà, wọn kò ní dìde, títí yóò fi san. Òṣómàáló ni gbogbo ayé fi ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà títí dòní, wọ́n sì ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Ìlú ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń ló òṣó. Ta ló rí i rí kí ará Òṣogbo wá lóṣòó ti Ìjẹ̀ṣà nínú ulé rẹ̀?

Ògúnjìnmí kò lè lé e. Kò sí ọmọ ìlú náà tó lè fọwọ́ kan ẹni tó lóṣòó. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Àpìkẹ́ lóṣòó sójú kan. Àwọn tó ń kọjá lọ rí i, wọ́n sì yà; ẹni tó bá rí òṣó ní Iléṣà, ìbéèrè kan ló ń bi: “Kí ló jẹ ẹ́?” Àpìkẹ́ á dáhùn pé ọ̀rọ̀ ló jẹ òun. Bàbá Elisha ló wá ń ṣàlàyé ìyókù, ẹ sì mọ fọganáísà. Bó bá ti sọ ọ́ fún ẹnìkan, ó ti fi atẹ́gùn kún un kó tó sọ ọ́ fún ẹnì kejì. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Ògúnjìnmí tó ń lọ fún ìdánrawò dúró. Ìyá kan tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ pátápátá, ó ní òun kò lọ síbì kankan mọ́.

Phebe gbé omi tútù wá. Àpìkẹ́ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbà á, ó sì gbé e sílẹ̀ láìmu. Obìnrin náà wò ó, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú, kò ga, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìlẹ̀kùn ṣí.

Ògúnjìnmí jáde, kọ́kọ́rọ́ Họ́ńdà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú síwájú Àpìkẹ́.

“Gbé e. Mi ò gba kọ́bọ̀. Gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí n lè rí ojú ọ̀nà ulé mi.”

Béjidé fẹ́rẹ̀ẹ́ ki kọ́kọ́rọ́ náà mọ́lẹ̀. Àpìkẹ́ kò wò ó. Ẹ ò rí i? Bó bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, Ògúnjìnmí á di ọlọ́rẹ. Ní ọ̀la, á sọ fún ìjọ pé òun ta ọmọ òrukàn lọ́rẹ.

Àpìkẹ́ ní, “Bàbá mi ò tọrọ, èmi náà ò tọrọ. Ìdúnàádúrà la bá wá. Ẹ sọ ohun tó ṣe máṣíìnì yìí lọ́jọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín, lẹ́yìn náà ká sọ̀rọ̀ owó.”

Bàbá náà wo ojú àwọn akọrin. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó ki orí bọ àyà.

“Ìdọ̀tí ló wọ kàbùrétọ̀, kò jẹ́ kí epo kọjá.”

“Kí lẹ wá ṣe sí i?”

“Mo fẹnu fẹ́ ẹ.”

“Wọn ò gbọ́ yín lójú títì.”

“Mo ní mo fẹnu fẹ́ ẹ. Ó jí.”

Èémí kan ṣoṣo. Ohun tó gba oko lọ́wọ́ Mùyídéènì, tó gba ṣọ́ọ̀bù, tó gba orúkọ, kò ju èémí kan tí wọ́n fẹ́ jáde lọ. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ta ló wá pa á, Bàbá?”

“Kò sẹ́ni tó pa á. Mùyídéènì kò pa máṣíìnì. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn.”

Àpìkẹ́ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní kó kọjú sí àwọn akọrin kó sọ ọ́. Ó kọjú sí wọn, ó sọ ọ́. Nígbà náà ló tó nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́, òun àti Ògúnjìnmí sì bẹ̀rẹ̀ ìdíyelé. Ibẹ̀ ló dùn jù.

Ó fi ọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn, ó bi í pé ta ló rà á. Ògúnjìnmí ní òun ni. Ó ní òun yóò san owó táyà. Ó fi ọwọ́ kan bátìrì. Ògúnjìnmí ló rà á, òun yóò san án. Awọ ìjókòó, gílóòbù iná, òun yóò san gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wò ó títí dé orí ẹ́ńjìnnì. Ó fi ọwọ́ lù ú.

“Èyí, ẹ ti fi Olúwa búra pé ẹ kò fọwọ́ kàn án rí. Ohun tí ẹ kò fọwọ́ kàn, kí ni mo fẹ́ san fún? Owó irin tí ẹ fún bàbá mi náà ni mo máa fún yín.”

Àwọn ènìyàn hó. Bàbá Elisha, tí àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe díẹ̀, bẹ̀bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó fi ènì sí i, nítorí àgbàlagbà ni. Àpìkẹ́ ronú sí i. Ó yọ náírà mẹ́wàá tó ti rún lápò, ó gbé e lé orí owó náà lórí bẹ́ǹṣì.

Ó ní, “Ìyẹn jẹ́ ti èémí tó fẹ́ sínú kàbùrétọ̀. Kó má baà sọ pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.”

Ẹ̀rín tó sọ ní Òkèèsà lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní Ẹrẹ́jà bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ògúnjìnmí kò fọwọ́ kan owó náà. Phebe ló kó o, ó kó o láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ̀wé, Bàbá Elisha ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí Àpìkẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipin. Ó di ọwọ́ Họ́ńdà náà mú, kò jẹ́ kí Béjidé gbé òun dìde. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó jí.

Kò kọjá sílé. Ọjọ́ náà gan-an ló gùn ún wọ Ọjà Ọba, ó dúró níwájú ibi tí àwọn onífọ́tò àgbà ń jókòó sí, kò pa á, ó jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín títí gbogbo wọn fi jáde síta. Ó sọ ohun tí Ògúnjìnmí fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún wọn, ó sì pe ẹni tó ṣàdúrà lórí sàréè. Ó ní kó tún àdúrà náà ṣe, orúkọ tí wọ́n fi kó bàbá òun jáde ni kó fi ṣe é. Ọkùnrin náà ṣe é tìtìjútìtìjú. Ẹnikẹ́ni kò pe Àpìkẹ́ ní ọmọ Pamáṣíìnì mọ́. Máṣíìnì sì kún iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ débi pé àwọn ará ilé ń rojọ́ pé àwọn kò rí ọ̀nà kọjá.

Ẹ rò pé ó tán níbẹ̀? Béjidé náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọjọ́ Àìkú, Àpìkẹ́ á nu Họ́ńdà náà, á gba ọ̀nà Iléṣà lọ. Ìgbà tí ìsìn bá parí tí àwọn alàgbà ń jáde ni yóò dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Ògúnjìnmí. Kì í dúró, kì í fọn fèrè, kì í wo ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń rọra gùn ún kọjá ni, bí ẹni ń gbé ìyàwó. Àwọn alàgbà rán ènìyàn sí i pé kó jọ̀ọ́, kó dárí jì í, bàbá náà ti ń jókòó sẹ́yìn ìjọ báyìí. Ó ní òun ń gbé máṣíìnì bàbá òun najú ni. Ọ̀nà ìjọba ni, òun kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, Iléṣà kò jìnnà. Ẹ lọ sí Òkèèsà lọ́jọ́ Àìkú kan, kí ìsìn tó parí. Ẹ bi Bàbá Elisha lábẹ́ igi fúrúùtù, yóò mú yín dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan kan ń bọ̀ láti apá Òṣogbo, tí kò yára, tí kò pariwo, ẹ má wo obìnrin tó wà lórí rẹ̀. Ojú Ògúnjìnmí ni kí ẹ wò. Ẹ lọ, kí ẹ fi ojú ara yín rí i.